Ọmọ Ta Ni Aláìsàn Ọpọlọ?

Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ọmọ ta wá ni aláìsàn ọpọlọ?

Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò dá ètò kan sílẹ̀ ní Arò, Abẹ́òkúta: aláìsàn ń gbé ilé àwọn ará abúlé, ìbátan rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ará ìlú ṣe ipa tirẹ̀. Síbẹ̀, kò rọ́pò dókítà àti nọ́ọ̀sì.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Ẹ̀tọ́ tí kò sí ẹni tí yóò mú un ṣẹ, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Láàárín èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 200, dókítà ọpọlọ wa kò pé 500, ọ̀pọ̀ sì ń lọ sí òkè òkun.

Àwọn kan ń bèèrè pé, kí la ó fi owó ìlú kọ́ ẹni tí yóò lọ sí? Àgbẹ̀ kì í torí ẹyẹ kó má gbin àgbàdo. Ó ń gbìn, ó sì ń ṣọ́ oko. Kí ìjọba náwó kọ́ wọn, kí ó sì san owó oṣù tí yóò mú wọn dúró. Èyí kì í ṣe ìtọrẹ àánú: gbèsè òbí sí ọmọ ni.