Kíkà Tàbí Gbígbọ́: Èwo Ló Ń Fi Òtítọ́ Hàn?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òwe yìí kò yé mi dáadáa títí di sáà tó kọjá, nígbà tí olùkọ́ wa ní kí a ṣe ìwádìí lórí bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá, irú bíi ChatGPT tó jáde lọ́dún 2022.

Ìwé ìbéèrè la kọ́kọ́ pín: "Ǹjẹ́ o máa ń fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé "Rárá" ni gbogbo kíláàsì mú. Èmi náà mú "Rárá." Irọ́ ni mo pa, nítorí ìyà ni mo ń bẹ̀rù. Iye tí a kà pé pérépéré. Òtítọ́ ni kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn kan ní ká jókòó yíká, ká jọ sọ ọ́. Àmọ́ láwùjọ, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù ni àwọn yòókù máa ń gbè lẹ́yìn. Nítorí pé ojú lọ̀rọ̀ wà, mo yàn láti bá ènìyàn mẹ́fà sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ní ojú ló ń ti òun láti béèrè ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì ní kíláàsì. Ẹ̀rọ náà kì í fi òun rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn jẹ́wọ́ pé odidi àròkọ ló bá òun kọ.

Àwọn ẹgbẹ́ mi ní kí n dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ mi ò fi ọ̀ràn náà pamọ́. Orúkọ nìkan ni mo bò. Mo ti ṣèlérí kí n tó bi í ní ohunkóhun, ìlérí yẹn ló sì jẹ́ kó sọ òtítọ́. Bí mo bá yẹ̀ ẹ́, ta ni yóò tún sọ òtítọ́ fún ẹni tó bá ń béèrè lẹ́yìn mi? Kó má baà dà bíi pé ara mi ni mo ń dáàbò bò, mo jẹ́wọ́ irọ́ tèmi níwájú kíláàsì, mo sì pa orúkọ tirẹ̀ mọ́.

Mi ò sọ pé kíkà kò wúlò. Ènìyàn mẹ́fà kò lè sọ iye wa tó ń lo ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n wọ́n lè sọ ìdí rẹ̀, ìdí ló sì ń jẹ́ ká mọ àtúnṣe. Ìwádìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nìkan, ọ̀rọ̀ ìwà ni. Ẹni tó ní kí a finú han òun gbọ́dọ̀ lè pa ohun tó gbọ́ mọ́.