Òjò Ni, tàbí Ohun Tí Ó Wà Nínú Irin?

Irin ńlá kan wà tí ó já bọ́ láti ojú sánmà. Ìpínlẹ̀ Oregon ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí i, Willamette sì ni orúkọ rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ju tọ́ọ̀nù 15 lọ. Láti ọdún 1906 ni ó ti wà ní ilé ìkó-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan ní New York.

Nígbà tí irú irin bẹ́ẹ̀ bá ń já bọ́, iná a máa yọ́ ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jó wọ inú. Lẹ́yìn tí èyí fìdí kalẹ̀ ni òjò wá ń rọ̀ lé e lórí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Lónìí, ihò tí ọmọdé lè wọ̀ jókòó wà lára rẹ̀.

Kí ni ó gbẹ́ ihò wọ̀nyí? Òjò nìkan kọ́. Imí ọjọ́ wà nínú irin náà. Nígbà tí omi kàn án, ó di ásíìdì, irú èyí tí ń bẹ nínú bátìrì mọ́tò. Ásíìdì yìí ni ó jẹ ẹ́. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Bí ìwà ènìyàn bá bàjẹ́ ńkọ́? Ṣé ohun tí ó dé bá a ni a ó dá lẹ́bi, tàbí ohun tí ó wà nínú rẹ̀?

Nígbà kan, owó oṣù wa pẹ́ kí ó tó dé. Owó àwọn ọmọ kíláàsì mi wà lọ́wọ́ mi. Mo yá díẹ̀ níbẹ̀, mo tún yá díẹ̀ sí i. Nígbà tí a bi mí, mo ní àìrí owó oṣù gbà ni ó fà á. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó wà ní yàrá kejì kò rí owó oṣù gbà pẹ̀lú, owó kíláàsì tirẹ̀ sì pé. Òjò kan náà ni ó rọ̀ lé àwa méjèèjì lórí. Mo san owó náà padà, ṣùgbọ́n ojú ṣì ń tì mí.

Èyí kò sọ pé òjò kò lẹ́bi. Ẹni tí ó dá owó òṣìṣẹ́ dúró ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́. Àwọn tí ń tọ́jú irú irin bẹ́ẹ̀ a máa gbé e sí ibi gbígbẹ kí ó má baà dógùn-ún. Ó yẹ kí àwa náà yẹra fún ibi tí a mọ̀ pé a ti lè ṣubú. Ṣùgbọ́n irin kò lè yẹ inú ara rẹ̀ wò. Àwa lè ṣe é.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Òjò wo ni ẹ ti ń dá lẹ́bi? Kí ni ó bá nínú yín?