Ta Ni À Ń Fi Rẹ́rìn-ín?

Ní Ìkòtún àti Ẹgbẹ́dá, nínú àwọn ilé face-me-I-face-you wa, eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣàn kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá wò. Yàrá tó bá ní jẹnẹ̀rétọ̀ ni gbogbo wa ń kó lọ. Ọmọdé á jókòó sílẹ̀, àgbà á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Yorùbá, Ìgbò, Haúsá, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Haúsá tó wà láàárín wa, tí eré máa ń fi ẹ̀yà rẹ̀ ṣe mẹ́gáàdì ṣáá, òun náà á rẹ́rìn-ín. A ò bi í rí bóyá ó dùn mọ́ ọn.

Ẹ rántí Basi and Company, tí Ken Saro-Wiwa kọ, tí NTA ń gbé jáde láti 1986. Yàrá kan ni Basi háyà ní Adetola Street l'Ékòó. Owó ilé kò sí lọ́wọ́ ẹ̀, àlá olówó ló ń lá lójoojúmọ́, Madam tó ni ilé kì í sì yé sìn ín lówó. Àwa tí lándìlọ́ọ̀dù ń kanlẹ̀kùn fún mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, síbẹ̀ kò dùn wá. Ìdí ni pé ojúkòkòrò ni eré náà ń bú, kì í ṣe òṣì. Ọ̀gá tó jókòó lókè ìjọba lè rí ara ẹ̀ nínú Basi. Bàbá Sàlá pàápàá, kó tó di ìgbà yẹn, ara ẹ̀ ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, pẹ̀lú aago ògiri tó gbé kọ́ra.

Ti Jenifa ló le. Láti 2014 tí Jenifa's Diary ti bẹ̀rẹ̀, gẹ̀ẹ́sì ọmọbìnrin tí Fúnkẹ́ Akíndélé ń ṣe yìí ló ń pa wá lẹ́rìn-ín jù. Òótọ́ ni pé eré náà fẹ́ràn Jenifa: ó láyà, kì í gbà kí ẹnikẹ́ni tẹ òun mọ́lẹ̀. Àmọ́ ohun tí òǹkọ̀wé gbìn kọ́ ló ń hù nínú gbogbo ilé. Ìyá kan á máa ta ẹ̀fọ́ lọ́jà, á máa fowó ẹ̀ rán ọmọ lọ sílé ìwé aládàáni kó lè gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ á dé, á gbọ́ bí ìyá ṣe ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn, á ní, "Mummy, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bíi Jenifa!" Kọ́sítọ́mà á rẹ́rìn-ín. Ìyá náà á rẹ́rìn-ín. Kí ni kò bá tún ṣe?

Àwọn kan á ní eré lásán ni. Àwa ò gbà. Basi lè fi ojúkòkòrò sílẹ̀ lọ́la tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ahọ́n tí èèyàn fi dàgbà kì í ṣe ẹ̀wù tí a ń bọ́ sílẹ̀. A ò ní kí wọ́n má ṣe Jenifa mọ́ o. Àwa náà ṣì ń wò ó, àní èyí tí a ti wò tẹ́lẹ̀. Ohun tí à ń bi ara wa ni bóyá ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn sọ fún ọmọ náà, lẹ́yìn tí kọ́sítọ́mà lọ, pé gẹ̀ẹ́sì yẹn ni ìyá ẹ̀ fi ń tajà tó fi ń san owó ilé ìwé rẹ̀.