Àkọ̀ Ìbọn Bàbá Bọ́mà

Bí ènìyàn bá bi wá pé níbo ni ohun kan ti wá, ìbéèrè méjì ni ó wé pọ̀ mọ́ ara wọn: níbo ni wọ́n ti ṣe é, àti pé ọ̀nà wo ni ó gbà dé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín. N kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì títí di ọdún 2016, nígbà tí ẹbí wa ń múra ìrántí ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí Bàbá Bọ́mà jáde láyé.

Àbúrò ìyá tí ó bí ìyá mi ni Bàbá Bọ́mà. Ogun tí ó lọ ni ó di orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún púpọ̀ nínú àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Bọ́mà láti bá àwọn ará Jàpáàn jà láàárín 1943 sí 1945. Ohun kan ṣoṣo tí ó mú ti ibẹ̀ bọ̀ tí kò sọnù ni àkọ̀ ìbọn ìléwọ́ kan. Kò sí ọmọdé kan nínú agboolé wa tí kò mọ ìtàn rẹ̀: Bàbá pa ọ̀gá ṣọ́jà Jàpáàn kan nínú igbó, ó sì tú àkọ̀ náà ní ìdí rẹ̀. Ìbọn inú rẹ̀ ńkọ́? Àwọn òyìnbó gbà á kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òkun padà sílé. Bí ó ti máa ń parí ìtàn náà nìyẹn, a ó sì pàtẹ́wọ́.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni ó gbé àkọ̀ náà wá bá mi, ó wé e sínú àkísà àdìrẹ. Ó ní, ‘Àbúrò, ìwọ ni o máa ń wádìí nǹkan àtijọ́. Bá wa wo ibi tí wọ́n ti ṣe é ní Jàpáàn, kí o kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìrántí.’ Mo ní, ‘Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n mi.’

Ìgbà tí mo tú àkísà náà ni àyà mi kọ́kọ́ já. Awọ ni mo ń retí. Àkọ̀ tí àwọn ọ̀gá ṣọ́jà Jàpáàn ń lò fún ìbọn Nambu wọn, awọ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìdérí rẹ̀ le, ó rí roboto bí ìkarahun, àpò kékeré fún ọta sì wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ ọdún sí i, ọdún tí ọba wọn ti lò lórí oyè ni, tí ó fi jẹ́ pé 16 ni wọn yóò kọ fún 1941. Aṣọ òwú tí a hun kí ó ki ni mo bá. Ìkọ́ idẹ méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ń fi í kọ́ bẹ́líìtì, bọ́tìnnì idẹ tí a ń tẹ̀ pa sì wà ní ẹnu rẹ̀. Mo ṣí ìdérí, mo gbé e sí oòrùn. Yíǹkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán, ṣùgbọ́n mo rí lẹ́tà M.E. Co., mo rí 1941, mo sì rí àmì kan bí ẹsẹ̀ adìẹ.

Ẹni tí ó bá mọ ohun èlò ogun Gẹ̀ẹ́sì kò ní jiyàn lórí ẹsẹ̀ adìẹ yìí. Orí ọfà ni. Òun ni wọ́n ń tẹ̀ sára ohun tí ó bá jẹ́ ti ìjọba wọn. Lẹ́tà wọ̀nyẹn sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Mills Equipment Company, tí ó ń hun irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Àkọ̀ yìí kò ti Jàpáàn wá. Ti àwọn ọmọ ogun tí Bàbá fúnra rẹ̀ ń sìn ni.

Ọ̀rọ̀ kò sì tán síbẹ̀. Ṣọ́jà kékeré kì í gba ìbọn ìléwọ́. Àwọn ọ̀gá ni ó wà fún, òyìnbó sì ni àwọn ọ̀gá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo béèrè fún ìwé tí wọ́n fi yọ̀ǹda Bàbá lẹ́nu iṣẹ́ ogun. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ju ti àkọ̀ lọ: aláàárù ni wọ́n kọ pé ó jẹ́.

Mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé irọ́ ni Bàbá pa, kí ọ̀rọ̀ ilà ojú tó sọ sí mi lọ́kàn. Ní ayé ogun abẹ́lé ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bí a bá rí àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́ lójú ẹrú, a ó mọ irú ilé tí wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n ilà kò lè sọ ẹni tí ó mú un lẹ́rú, ọjà tí wọ́n ti tà á, àti iye ọwọ́ tí ó ti kọjá. Ilà ni ẹsẹ̀ adìẹ ara àkọ̀ yìí. Nígbà tí Singapore bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jàpáàn ní oṣù Èrèlé 1942, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun ìjà Gẹ̀ẹ́sì ni ó bá a lọ. Àkọ̀ tí wọ́n hun ní 1941 lè wà ní ìdí ọ̀gá ṣọ́jà Jàpáàn ní 1944. Mo ní ó lè wà. N kò ní ó wà. Ó sì lè jẹ́ pé ara òkú òyìnbó kan ni Bàbá ti rí i, tàbí inú ẹrù tí ó wà ní orí òun fúnra rẹ̀.

Orí yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àfonífojì Kaladan, tí Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbà kọjá, kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ ń rìn. Ọkọ̀ òfurufú ni ó ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀, orí ènìyàn ni ó ń gbé e láti òkè kan dé òkè kejì. Láìsí àwọn tí ń ru ẹrù, ìbọn àwọn tí ń yìnbọn ì bá di igi lásán. Ṣùgbọ́n nínú èdè wa, díẹ̀ ni ó kù kí ‘aláàárù’ di èébú, Bàbá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó padà sí ìlú tí wọ́n ti ń ki ìran ológun, ó bá àwọn ènìyàn tí ń béèrè pé, ‘Èwo ni o mú bọ̀?’ (Àwa tí à ń pàtẹ́wọ́ náà ní ọwọ́ nínú ìtàn yẹn.)

Mo gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n. Ó dákẹ́ títí. Ó ní, ‘Ṣé o lè búra pé kò mú un lára ará Jàpáàn?’

‘Rárá, Ẹ̀gbọ́n mi.’

‘Ṣé o lè búra pé ó mú un?’

‘N kò lè búra.’

‘Kọ èyí tí o lè búra sí, nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹrù rírù yẹn, má kọ ọ́. Àwọn àna wa yóò ka ìwé yẹn.’

Mo kọ ọ́ pé: Àkọ̀ ìbọn ìléwọ́ ti àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, 1941, tí Bàbá mú ti Bọ́mà bọ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Èyí tí n kò kọ ni ó ń dùn mí, nítorí pé ẹrù rírù nìkan ni ohun tí ìwé fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Bàbá ṣe ní Bọ́mà. A fi iṣẹ́ tí ó dájú pamọ́ nítorí ojú àna, a sì gbé àkọ̀ tí kò dájú síta. Bóyá ó yẹ kí n jiyàn. Ṣùgbọ́n bàbá tirẹ̀ ni, kì í ṣe bàbá tèmi.

Ní ọjọ́ ìrántí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ Bàbá pe àwọn ọmọdé jọ sábẹ́ àtíbàbà, ó ṣí ìwé sí ojú ewé àwòrán náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn: igbó, ọ̀gá ṣọ́jà Jàpáàn, àkọ̀. Mo jókòó nítòsí wọn, mo gbọ́ ọ dé òpin. Nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́, ọwọ́ mi kò kúrò lórí itan mi.