Ẹni Òrìṣà àti Ihò Inú Ọkàn

Àwọn bàbá wa ní orúkọ fún ẹni tí a bí àbùkù mọ́: ẹni òrìṣà. Abuké, arọ, àfín, Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ìwà ọmọlúàbí ni ó bí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí n kò gbà ni pé kí a sọ ọ́ di èèwọ̀ fún àtúnṣe, pàápàá fún àbùkù tí ojú kò rí.

Irú èyí ni ihò tí ó wà láàárín yàrá òkè méjèèjì inú ọkàn. Ẹni tí a bí i mọ́ lè dàgbà, kí ó bímọ, láìmọ̀. Ní Ìdànrè, níbi tí a ti ń fi àtẹ̀gùn gun òkè lọ sí ìlú àtijọ́, ó lè máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ọdún Ọ̀rósùn títí yóò fi lé ní ogójì ọdún, kí èémí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tán ní ibi ìsinmi àkọ́kọ́. Àwọn ará ilé yóò ní ọjọ́ orí ni, tàbí ayé. (Ayé kì í ríṣẹ́ tì láàárín wa.) Bí dókítà bá wá rí ihò náà, wọn a ní àyànmọ́ ni, ẹni tí ó fi gbé ogójì ọdún, kí ó máa fi gbé ìyókù.

Ṣùgbọ́n ihò náà kò dúró sójú kan. Lọ́dọọdún ni ẹ̀jẹ̀ ń gba ibẹ̀ ya sí apá ọ̀tún, tí ọkàn ń fẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 1974 ni a kọ́kọ́ la àyà ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní Nàìjíríà, ní Enugu. Ní 1975, ní Amẹ́ríkà, King àti Mills kò la àyà rárá: inú iṣan itan ọmọbìnrin ọlọ́dún 17 kan ni wọ́n gbà dé ọkàn, tí wọ́n fi ohun tí ó dà bí agboòrùn méjì dí ihò náà. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni a ti fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tọ́jú láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n bí agbára ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró bá ti pọ̀ kọjá ààlà, dídí ihò náà gan-an lè pani, dókítà kò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́.

Nítorí náà, ẹni tí ó ní kí a fi í sílẹ̀ bí Ọ̀run ti ṣe é kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀run ni ó ṣe ihò; ìdúró wa ni ó ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí aláìsàn fúnra rẹ̀ bá gbọ́ gbogbo èyí tí ó sì kọ̀, ara rẹ̀ ni, n ó bọ̀wọ̀ fún un. Bí ó bá sì jẹ́ owó ni kò sí, kí a sọ pé owó ni. A ń dáwó ìsìnkú ní gbogbo ìlú. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe òkú ní àyànmọ́ kí ó lè yẹ owó tirẹ̀ sílẹ̀.