Ìbéèrè Owó Kì í Ṣe Àfojúdi

Ọ̀pọ̀ àgbà Yorùbá wa ní Kumasi, ní Ghánà, gbà pé ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́ kì í bá ẹni tó fẹ́ fún un níṣẹ́ dúnàádúrà. Kó kúnlẹ̀, kó dúpẹ́, ohun tí ọ̀gá bá fún un lóṣù, kó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ kékeré ni.

Ẹ wo iṣẹ́ tó wá bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì KNUST. Ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Suame Magazine, àdúgbò àwọn oníṣẹ́ irin ní Kumasi, ó ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá fáwọn tó ń yan gààrí. Òun àti wẹ́dà méjì péré ló wà níbẹ̀. Ó wá ń fẹ́ ẹni tí yóò máa kọ owó sílẹ̀, tí yóò sì máa dá àwọn oníbàárà lóhùn. Owó oṣù tó dárúkọ kò tó ti báńkì ní Adum láàárín ìlú, àmọ́ ó ní, "Má wòyẹn, ọmọ mi, mọ̀lẹ́bí kan náà ni wá níbí."

Yorùbá mọ iṣẹ́ mọ̀lẹ́bí dáadáa. Àwọn tó ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjìgbò àti Ìlọrin wá ṣòwò ní Ghánà, ọmọ ẹbí ni wọ́n ń mú wá láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọmọ náà kì í gbowó oṣù. Tó bá sìn títí, ọ̀gá á fún un lówó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Àdéhùn náà múlẹ̀ nítorí pé àwọn àgbà tó gbọ́ ọ wà nílé. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kúrò ní Ghánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ tó ti sìn lọ́dún gbọọrọ, tí kò mọ iye tó jẹ́ tirẹ̀ nínú ọjà ọ̀gá, kí ni yóò dì mú? Ta ni yóò bi, nígbà tí ọ̀gá gan-an ń wá ọkọ̀ kiri?

Lónìí, ẹbí ọ̀gá àti ẹbí òṣìṣẹ́ lè má mọra rárá. Ìwé ló kù tí yóò ṣe ẹlẹ́rìí. Òfin iṣẹ́ Ghánà ti ọdún 2003 ní iṣẹ́ tó bá tó oṣù mẹ́fà gbọ́dọ̀ ní àdéhùn kíkọ. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2008 ní kí a yọ ìdá 5.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́, kí ọ̀gá fi ìdá 13 kún un. Òfin kò ní kí ẹni tó ní òṣìṣẹ́ méjì péré yẹra fún un. Ọ̀gá tó ń pe èèyàn ní ọmọ, tí kò sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní SSNIT, àjọ owó ìfẹ̀yìntì, ọjọ́ ogbó ọmọ náà ló ń jẹ.

Ọmọ wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá, ó kí àwọn wẹ́dà, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ wo lẹ máa ń sanwó fáwọn bọ̀ọ̀dá wọ̀nyí? Ṣé mo lè rí ìwé tí ẹ ń kọ owó sí?" Ìwé àjákọ ilé-ẹ̀kọ́ ni, epo ẹ̀rọ ti ta sí i lára. Ó rí i níbẹ̀ pé owó àsansílẹ̀ ẹ̀rọ tí wọn ò tíì ṣe ni wọ́n fi ń san owó oṣù. Ìyẹn wúwo ju kíkéré owó oṣù lọ, torí owó oníbàárà ni òṣìṣẹ́ ń jẹ láìmọ̀. Ó bi ọ̀gá bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe. Nílé, àwọn kan ní ojú rẹ̀ ti là jù. Lójú tèmi, ẹni tó dákẹ́ níwájú, tó wá ń ráhùn lẹ́yìn, ló tàbùkù ọ̀gá.

Mi ò sọ pé kí a sá fún ilé-iṣẹ́ kékeré o. Irú ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí ni KNUST rí tó fi gbé ibùdó ìmọ̀-ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Suame ní 1980, kí àwọn oníṣẹ́ irin lè máa fúnra wọn ṣe ẹ̀rọ. Ọ̀dọ́ tó bá wọ ibẹ̀ yóò mọ bí wọ́n ṣe ń ra irin, bí wọ́n ṣe ń díyelé ọjà, bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè. Ní báńkì, ó lè pẹ́ lórí àga kan ṣoṣo.

Àmọ́ bí a ṣe ń wọn ọ̀gá, ká wọn ọmọ náà. Bó bá ṣì ń retí ìwé ìgbanisíṣẹ́ láti báńkì, kó sọ ọ́. Níbi tí èèyàn ò ti ju mẹ́rin lọ, ẹni tó bá gbaṣẹ́ lónìí tó sì sá lóṣù kejì ti kó bá ẹni mẹ́ta. Bí kò bá sì fẹ́ iṣẹ́ náà, kó pe ọkùnrin náà kíákíá kó sọ fún un, kó lè wá ẹlòmíràn. Ohun tó rí nínú ìwé owó ọ̀gá, kò gbọ́dọ̀ gbé e dé ọjà Kejetia.