Ayọ̀ Tí Ọkàn Ń Wá



Ní ìlú Ìlọrin yìí, ìbáà ṣe Mùsùlùmí tàbí Kristẹni, bí a bá pàdé ara wa láàárọ̀, a óò bèèrè pé, "Ṣé àlàáfíà ni?" Láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú èdè wa. A kì í bèèrè pé, "Ṣé o jayé lánàá?" Ara líle, ilé tí kò sí ìjà, ọkàn tí ó balẹ̀: ìwọ̀nyí ni à ń bèèrè.

Oníṣòwò aṣọ òfì kan bi mí pé, "Fádà, bí mo bá sọ fún oníbàárà pé òwú ti já níbì kan lára aṣọ yìí, kò ní san iye tí mo fẹ́. Ṣé Ọlọ́run kò fẹ́ kí inú mi dùn ni?"

Ọ̀pọ̀ wa ló rò bẹ́ẹ̀, pé òfin Ọlọ́run dà bí ọgbà tí a sọ yí ayọ̀ ká kí ọwọ́ wa má baà tó o. Ṣùgbọ́n ẹ wo Tómásì Mímọ́ ti Aquino, tí ó kú ní ọdún 1274. Nígbà tí ó fẹ́ kọ̀wé lórí ìwà ọmọ ènìyàn nínú Summa Theologiae, kò fi ẹ̀ṣẹ̀ tàbí òfin bẹ̀rẹ̀. Ayọ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀wò. Ó bèèrè bóyá inú owó ni ayọ̀ wà, tàbí ọlá, òkìkí, agbára, tàbí ìgbádùn ara. Ó dáhùn pé kò sí nínú ọ̀kankan wọn. Ọlọ́run nìkan ni ó lè tẹ́ ọkàn lọ́rùn pátápátá. Lẹ́yìn èyí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ ìwà rere, ẹ̀ṣẹ̀ àti òfin. Òfin kì í ṣe ọgbà, ẹ̀yin ará, ọ̀nà ni.

Òtítọ́ lè mú kí oníṣòwò náà pàdánù owó. N kò ní tan yín jẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá parọ́, tí oníbàárà náà sì tún gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá, ta ni yóò yíjú sápá kan? Owó wà lápò, àlàáfíà kò sí. Ẹ tún wo ìyá tí kò fojú ba oorun nítorí ọmọ tí ibà ń ṣe. Kò gbádùn òru náà, síbẹ̀ kò jẹ́ fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún oorun kankan.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí a tó dówó lé ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a bi ọkàn wa ní ohun tí à ń bi aládùúgbò: Ṣé àlàáfíà ni?